Ọgbẹ́ Moynok àti Ahọ́n Márùn-ún

Bí ẹ bá dé abúlé wa lẹ́bàá At-Bashy, tí ẹ bi ọmọdé pé ilé Zuurakan dà, ó lè máa wò yín bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilé ìyá alájá, ìka rẹ̀ á ti na ọ̀nà kí ẹ tó pa ẹnu dé. Obìnrin yìí se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún méjìlélógún. Ó bí ọmọ mẹ́ta. Kò sí òkú tí a sin lábúlé yìí tí kì í ṣe òun ló dín àkàrà ìyẹ̀fun rẹ̀. Síbẹ̀, ajá márùn-ún gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyálé mi ni. Suyorkul ọkọ rẹ̀ àti Bekten ọkọ mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ògiri amọ̀ kan ló là wá láàárín, ògiri náà sì ti wó níbi tí ìyálé mi ń gbà wá yá iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ ọ́ fún mi lẹ́nu kànga.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ọkọ, Ayperi àkọ́bí sí Bishkek, ọ̀kan sí Osh, ọ̀kan sí Rọ́ṣíà, ilé pa lọ́lọ́, ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Jolbors ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó mú un wá ní akọni ni, irọ́ ni. Karala àti Sarala tẹ̀ lé e, ìbejì ni wọ́n. Kò sí èyí tó ń gbó nínú wọn àfi bí èkejì bá ti gbó, nítorí náà wọ́n lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn wọn ni Tuzik, tí kò tó bàtà mi, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. Láràárọ̀ ni Zuurakan ń ro ìyẹ̀fun sínú omi gbígbóná fún wọn, nínú ìkòkò ńlá tí ilé ẹ̀kọ́ fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Á tò wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́, á ka orí wọn, á sì bá ẹni tó bá ti ẹnì kejì wí.

Moynok ni ìkarùn-ún, òun sì ni ọmọ. Ọkọ̀ akẹ́rù pa ìyá rẹ̀ nígbà tí kò tíì lajú. Zuurakan fi ìgò ọmú bọ́ ọ, ó gbé e sínú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fún oṣù kan. Ó ń gbé e lọ síbi òkú, ó ń gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ wá wò ó lónìí: ó tó ọmọ màlúù. Suyorkul ni darandaran abúlé wa. Bí ìgbà ooru bá ti ń kan ilẹ̀kùn, á kó àgùntàn ẹgbẹ̀ta gun jailoo, pápá orí òkè, kò sì ní kó wọn sọ̀ kalẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Bí ìkookò bá yọjú níbẹ̀, ajá mẹ́rin á máa gbó láti ẹ̀yìn àgọ́. Moynok á dìde lọ pàdé rẹ̀.

Ológbò mi ló dá wàhálà sílẹ̀, mi ò ní purọ́. Oṣù karùn-ún ni, ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí wọ́n gòkè. Ológbò náà jókòó sórí ògiri, ó ń fọ ojú, Moynok sì gbà pé òun ló ń fojú di. Ó lé e. Ológbò gba abẹ́ páànù ọgbà kọjá, Moynok sì rò pé ibi tí ológbò bá gbà, òun náà lè gbà á. Orí gbà á, àyà gbà á. Nígbà tó kan itan, páànù onípẹtà yẹn là á gbuurú, ojú ọgbẹ́ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Suyorkul kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Ayperi, gbọ́ mi dáadáa. Ìdin máa ń jẹ ajá tó bá gbé ọgbẹ́ tútù gòkè, láàyè ló ń jẹ ẹ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún fẹ́ rí i mọ́. Bí ọgbẹ́ yìí bá gbẹ kí a tó gbéra, ó bá mi lọ. Bí kò bá gbẹ, ìbọn ni."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi nílé ńkọ́?"

"Ajá yìí? Lọ́dún tó kọjá tí a so ó mọ́lẹ̀, ọjọ́ kejì ló já ẹ̀wọ̀n bá wa lókè, tòun ti òpó tí a so ó mọ́."

Òótọ́ ni. Òpó náà ṣì wà lókè títí di òní.

Bó ṣe di pé a ránṣẹ́ pe Dókítà Sharshen nìyẹn, dókítà ẹran. Ó wá, ṣùgbọ́n kò jáde nínú ọkọ̀. Lọ́dún tó kọjá tó wá gún àwọn ajá lábẹ́rẹ́, Moynok fa ṣòkòtò rẹ̀ ya lójú gbogbo abúlé, láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ilé Zuurakan láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tó ṣí ní ìka méjì péré.

"Ìyá Ayperi," ó ń pariwo láti inú ihò yẹn, "ẹ fi omi sísè oníyọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́! Ẹ má fi nǹkan kan kùn ún! Kí ahọ́n kankan má sì kàn án, ì báà ṣe tirẹ̀, ì báà ṣe ti àwọn yòókù!"

"Mo gbọ́, dókítà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì."

"Tíì wà nílé mi," ló wí, ó sì tẹ iná.

Zuurakan gbọ́ lóòótọ́. Ó fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, mo rí i tó ń ṣí ìgò kan, òórùn rẹ̀ sì lu imú mi kí n tó fo ògiri. Ọ̀rá ìrù àgùntàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ nítorí ẹni tí kò ní ìyá àgbà. Níbí, kò sí àìsàn tí ọ̀rá ìrù àgùntàn kò mọ ilé rẹ̀. Ọmọ ń húkọ́, ọ̀rá ìrù. Eyín ń dun bàbá, ọ̀rá ìrù. Wọ́n fi í sí èmi gan-an lẹ́nu kí n tó mọ ọmú.

"Ìyálé mi," mo ní, "ṣebí dókítà ní kí ẹ má fi nǹkan kan kùn ún?"

"Ọ̀rá ìrù kì í ṣe nǹkan. Ọ̀rá ìrù ni."

Ó fi kùn ún, ó sì kùn ún nípọn bí ẹni ń kun ilé fún ìyàwó tuntun, ó wá wọlé lọ fọwọ́.

Jolbors ló kọ́kọ́ dé. Ó gbóòórùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lá a. Karala dé. Nígbà tí Karala ti dé, Sarala gbọ́dọ̀ dé. Tuzik kò ga tó ibẹ̀, ó wá gun orí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ahọ́n. Moynok fúnra rẹ̀ yí ọrùn padà, ó ń lá tirẹ̀. Ahọ́n márùn-ún lórí itan kan! Nígbà tí Zuurakan jáde, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wá wò, Ìyá Nurgazy!" ló ké sí mi. "Wá wo ìfẹ́! Àbúrò wọn ń ṣàìsàn, gbogbo wọn pé lé e lórí. Ta ló lá ọ nígbà tí o dá lẹ́sẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni kò lá mi, ìyálé mi. Ọbẹ̀ lẹ gbé wá fún mi."

"Ṣé o rí i? Ajá sàn ju àwa lọ."

Ọjọ́ kejì, ọgbẹ́ pọ́n. Ọjọ́ kẹta, ó fẹ̀ sí i. Zuurakan fi ọ̀rá kún ọ̀rá. Ọjọ́ kẹrin, ọyún yọ. Àwọn mẹ́rin tó ń tọ́jú rẹ̀ ń sanra, irun wọn ń dán. Tuzik ò jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ ti mọ oúnjẹ tó dára. Zuurakan wá sọ pé ojú burúkú ni. Ó dá iná sí ewé àrìṣá, igi olóòórùn tí a ń fi lé ibi, ó ń gbé èéfín rẹ̀ yí àgbàlá ká, àwọn ajá ń sín tẹ̀ lé e ní ìlà.

"Ológbò ẹ ló wo ọmọ mi lójú burúkú," ló wí fún mi.

"Ológbò mi tí ẹ̀rù lé gun orí igi láti ọjọ́ yẹn? Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ débi tó máa wo ẹnikẹ́ni."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ nínú ilé. Mo rí Suyorkul tó ń nu ìbọn. Lọ́dọọdún ló ń nù ún kó tó gòkè, síbẹ̀ Zuurakan kò lè wo ibẹ̀. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Ọjọ́ keje, dókítà padà wá. Fèrèsé ṣí ní ìka méjì. Imú rẹ̀ yọ jáde, ó fà á.

"Ta ló se ajá yìí lọ́bẹ̀?"

"Dókítà, ọ̀rá ìrù díẹ̀ ni…"

"Ìyá Ayperi! Ẹ fi ọ̀rá sí búrẹ́dì, ẹ gbé e síwájú ajá mẹ́rin, ẹ wá ń bi mí ìdí tí búrẹ́dì fi ń tán?"

Zuurakan wo itan Moynok, ó wo Jolbors tó ń fi ahọ́n nu ẹnu. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Áà," ó ní. "Èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ wọn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kódà dókítà. Ó ní kó má sunkún, pé ọjọ́ mọ́kànlá ṣì kù, yóò tó bí kò bá sí ahọ́n. Ó so òwú mọ́ orí igi ìgbálẹ̀, ó tì í sínú oògùn aláwọ̀ ewé tí kì í ṣí lára bọ̀rọ̀, ó yọ igi náà láti ojú fèrèsé, ó sì ń kun itan Moynok láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni ń kun òrùlé, Zuurakan sì di orí ajá náà mú sínú aṣọ rẹ̀. Dókítà ní nílùú ńlá, wọ́n ní ike kan tó rí bí àrọ, wọ́n ń fi sí ajá lọ́rùn kó má baà lè lá ara rẹ̀. "Ẹ wá nǹkan líle," ló wí, "kẹ́ ẹ ká a."

Nǹkan líle. Zuurakan wọlé, mo tẹ̀ lé e. Ó lọ tààrà sí ibi ọlá, níbi tí Suyorkul ń jókòó, ó sì fa ẹní irun àgùntàn tó wà níbẹ̀ yọ, èyí tí a fi pupa àti dúdú ya ìwo àgbò sí. Ó mú àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn.

Ẹ̀rù bà mí. "Ìyálé mi! Ìyá ọkọ wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é! Ọdún méjì ló fi ṣe é!"

"Ìyá ọkọ wa ti lọ sọ́run. Moynok ò tíì lọ."

Ó gé e. Ó rán an. Nígbà tó fi sí Moynok lọ́rùn, ẹ ò rí nǹkan! Ìwo àgbò pupa yí orí rẹ̀ ká, ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún, ó ń wò wá bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń gbà níyànjú. Ó fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó há. Ó fẹ́ mumi, ó fi gbogbo omi wẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Suyorkul dé, ó lọ jókòó síbi rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ibo ni ìdajì ẹní mi wà?"

"Ó wà lọ́rùn ajá, Baba Ayperi."

Ó mu abọ́ tíì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èyí tó kù kò tó ìdí mi," ó sì sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkùnrin rere ni, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbọn tàn yín jẹ.

Ilẹ̀ mọ́, Zuurakan gbé ìyẹ̀fun jáde, ó to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ igbe, mo fo ògiri. Ẹnu Jolbors jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ahọ́n Karala jẹ́ aláwọ̀ ewé. Sarala fẹ́ pa ẹnu dé, ó ti pẹ́ jù. Irùngbọ̀n Tuzik rí bí ewé tuntun. Moynok nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú àrọ rẹ̀. A ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ahọ́n kan, mẹ́rin ṣì ń jáde wọlé bó ṣe wù wọ́n.

"Olè!" Zuurakan ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Olè! Olè! Àti ìwọ, ọ̀gá olè!"

Tuzik mi ìrù.

Ó wá di dandan kó gbé Moynok lọ síbi tí àwọn yòókù kò lè dé. Kò lè wọlé. Ajá kì í wọlé wa, nítorí málékà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Bí wọ́n bá fi í sí ilé àgùntàn, àwọn mẹ́rin mọ bí a ṣe ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ló kù. Ilé kékeré oníṣítóòfù ni, ọjọ́ Sátidé nìkan la ń dá iná síbẹ̀, àwa àti àwọn la jọ ni ín. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ símẹ́ńtì, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo. Zuurakan tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, ó fi Moynok síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò sí ahọ́n kankan tó kan ọgbẹ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti etí.

Àṣìṣe tèmi ni pé mi ò sọ fún ọkọ mi. Bekten ti lọ sí Naryn láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó lọ bá wọn rẹ́ irun àgùntàn. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀sán, ló dé, eruku bò ó. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó gbé korobá omi gbígbóná, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwé ìléwọ́ lọ. Ó bọ́ra, ó fi ọṣẹ kún orí àti ojú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ojú pa.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi, lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Ó ní nǹkan rírin tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kan òun lẹ́yìn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó rò pé èmi ni mo wá bá òun fọ ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ìyá Nurgazy, o ṣàárò mi gan-an o. Sún sí òsì díẹ̀."

Ó sún sí òsì.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ gan-an. Ìgbà wo lo kọ́ èyí?"

Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn láti di ọwọ́ mi mú. Ó kan ẹní irun. Ó kan irun. Ó kan eyín.

Èmi ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣúgà lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ já sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọkọ mi jáde, ọṣẹ nìkan ló wọ̀. Ó ń ké pé, "Ìwo ló ní! Ó ní ìwo!" Zuurakan ń fún wàrà lágbàlá. Ó yí ojú sí ògiri bí ó ti yẹ obìnrin ilé, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kò gbọ̀n pẹ́. Moynok ti bá ilẹ̀kùn náà jáde, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ojú ọ̀run, àwọn mẹ́rin sì ti rí i. Ọjọ́ mẹ́rin tí wọn ò tí ì tọ́ ọ wò! Wọ́n bẹ́ sí eré. Mi ò mọ̀ pé ìyálé mi ṣì lè sáré bẹ́ẹ̀ lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ta korobá wàrà nù, ó fò, ó dùbúlẹ̀ lórí itan Moynok bí ìyá tó ń fi ara bo ọmọ. Jolbors dé, ó bá ẹ̀yìn Zuurakan pàdé. Ìbejì bá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pàdé. Tuzik kò rí ibòmíràn, ó lá a létí.

"Ìyá Nurgazy! Mú wọn kúrò! Fi ọkọ rẹ sílẹ̀, wọ́n á rí aṣọ bò ó!"

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Bekten yọjú lórí ògiri. Ó ní, "Ìyá Ayperi, bí ẹ bá tún fi nǹkan tó ní ìwo sínú ilé ìwẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀yìn yín mọ́ dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn, Zuurakan kò fi Moynok sílẹ̀ mọ́. Ó gbé àpótí síwájú ilé ìwẹ̀, ó fi igi sí itan, ibẹ̀ ló ń ran aṣọ, ibẹ̀ ló ń ṣa ìrẹsì, ibẹ̀ ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọgbẹ́ ń ká. Ó tó àtẹ́lẹwọ́ tẹ́lẹ̀, ó di bí ẹyin, ó di bí ìka.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra, àgùntàn ti ṣáájú, ọkọ̀ akẹ́rù ti kún fún àgọ́ àti ìkòkò. Ìbọn wà léjìká Suyorkul. Dókítà Sharshen náà dé, ó fẹ́ gbé oògùn àgùntàn fún wọn. Zuurakan mú Moynok jáde. Suyorkul kúnlẹ̀, ó pa irun sí ẹ̀gbẹ́. Awọ pupa tuntun ti bò ó, àfi ojú kan láàárín, bí èékánná àtàǹpàkò, tó ṣì tutù.

"Kò gbẹ," ló wí.

"Ó ku bí èékánná."

"Mo ní gbẹ, Ìyá Ayperi. Mi ò sọ ti èékánná."

Nígbà náà ni a gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dókítà ṣí. Ẹsẹ̀ kan jáde, èkejì jáde. Ó ń bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú. Moynok fi imú kan orúnkún rẹ̀ nínú àrọ, ó mí, ó sì wo ibòmíràn. Dókítà tẹ ẹ̀bá ọgbẹ́.

"Ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ṣì wà lókè, eṣinṣin ò tíì jí. Bí ahọ́n kankan ò bá kàn án, ọjọ́ mẹ́ta ó ti gbẹ."

"Ta ló máa lé ahọ́n mẹ́rin lókè?" ni Suyorkul bi í. "Èmi tí mo ní àgùntàn ẹgbẹ̀ta?"

Zuurakan yí padà, ó wọlé. Mo rò pé ó lọ sunkún, mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti ń jáde, ibùsùn rẹ̀ wà léjìká, ìkòkò tíì wà lọ́wọ́. Ó gbé wọn jù sórí ọkọ̀ akẹ́rù.

"Èmi," ló wí.

Ẹnu yà wá. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ẹṣin dà á sínú odò lójú ọ̀nà òkè, ó sì fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ búra pé òun àti jailoo ti pínyà.

Suyorkul wò ó. "Ìwọ tí o ní o ò ní bá mi gòkè mọ́ láyé?"

"Mi ò bá yín lọ. Ajá ni mo ń bá lọ."

Ọkọ̀ náà gbéra, Moynok wà lókè ẹrù nínú ìwo àgbò rẹ̀, Zuurakan jókòó tì í pẹ̀lú igi, ajá mẹ́rin ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú eruku. Ìbọn wà nísàlẹ̀ ẹrù pátápátá. Mo rí ọwọ́ tó tì í síbẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ obìnrin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Suyorkul sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ìyẹ̀fun. Mo bi í léèrè. Ó ní ọjọ́ kẹrin ló gbẹ, irun ti ń hù níbẹ̀, ìkookò kan sì ti wá kí Moynok, ó ti padà lọ sílé kánkán.

"Ìyá Ayperi ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Kò bọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá òun lára mu." Ó gbé àpò ìyẹ̀fun lé ẹṣin, ó fa okùn rẹ̀ le. "Ṣùgbọ́n igi yẹn kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjẹta, mo lá ṣíbí tí mo fi mu wàrà. Ó ti gbá mi lọ́wọ́ kó tó rántí pé èmi kọ́ ni Tuzik."